Yíya fọ́tò ìtẹ̀ka níbi ìwà ọ̀daràn

Yíya fọ́tò ìtẹ̀ka jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọlọ́pàá ń gbà fi kámẹ́rà dígítà pa àmì ìlà ìka ọwọ́ mọ́ níbi tí ọ̀daràn ti ṣọṣẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ ìwádìí yìí wà lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí olú-iléeṣẹ́ wọn wà ní Abẹ́òkúta.

Ìwúlò rẹ̀

Òógùn àti ọ̀rá ara ni ó sábà máa ń ya ìlà ìka sára gíláàsì, ilẹ̀kùn tàbí àpótí owó. Bí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì da lẹ́búlẹ́bú sí i, tàbí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù gbé e, àmì náà lè bàjẹ́. Ìdí nìyí tí fọ́tò fi ń ṣáájú.

Bí wọ́n ṣe ń yà á

Wọ́n á kọ́kọ́ ya gbogbo àyíká, kí ó lè hàn pé ibẹ̀ ni àmì náà wà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé kámẹ́rà lé ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ó dojú kọ àmì náà gbọọrọ, wọ́n á sì fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná tí ó ń wá láti ẹ̀gbẹ́ máa ń mú kí ìlà yọ. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò ni píksẹ́lì 1,000 nínú ínǹṣì kan. Nítorí náà, kámẹ́rà tí àwòrán rẹ̀ fẹ̀ tó píksẹ́lì 6,000 kò gbọdọ̀ gba ju ínǹṣì 6 lọ. Fáìlì RAW ni wọ́n ń tọ́jú, nítorí JPEG máa ń gé lára ohun tí kámẹ́rà rí.

Ní ilé-ẹjọ́

Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ọdún 2011, ni ó ń darí ẹ̀rí tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ó béèrè ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì fàyè gba ìwé-ẹ̀rí tí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí. Ní ọdún 2012, nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé kò tẹ̀lé abala yìí.

Ààlà rẹ̀

Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún ní Madrid ní oṣù kẹta ọdún 2004, FBI wo àwòrán dígítà ìtẹ̀ka kan, wọ́n sì ti agbẹjọ́rò kan ní Oregon mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọlọ́pàá Spéìn ni ó fi hàn pé ti ọmọ Àlgéríà kan ni. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní 2006 dá ìjọra tó pọ̀ láàárín ìlà méjèèjì àti àṣìṣe àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́bi.