Erékùṣù Ọ̀wọ́n, Erékùṣù Ọ̀pọ̀: Ìtàn Ìgbàlejò ní Maldives

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìrìn-àjò ìsinmi sí erékùṣù ilẹ̀ olóoru, èyíinì ni ilẹ̀ tí òkun yí ká ní apá ayé tí òtútù kì í dé, jẹ́ ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún olówó. Maldives, orílẹ̀-èdè kan nínú Òkun Íńdíà, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Sri Lanka, ni wọ́n sì sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, nítorí pé owó alẹ́ kan ṣoṣo ní àwọn kan nínú àwọn ilé ìtura rẹ̀ lè ju owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn ibẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé òfin nípa ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àlejò ló sọ ibẹ̀ di ọ̀wọ́n ju bí ọ̀nà ṣe jìn tó lọ, àti pé ìgbà tí wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn ará erékùṣù láti fi ilé ara wọn gba àlejò ni ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n rí ààyè dé ibẹ̀.

Nǹkan bí 1,200 erékùṣù kéékèèké ló para pọ̀ di Maldives, àwọn tí ènìyàn fi ṣe ìlú nínú wọn kò sì tó 200. Orí iyùn ni gbogbo wọn jókòó lé, iyùn sì ni òkúta tí àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun fi egungun ara wọn mọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Iyùn yìí tò yípo, ó sé ọ̀sà tí omi rẹ̀ dákẹ́ mọ́ àárín, irú ètò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní átóòlù. Ilẹ̀ náà kéré, iyanrìn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà kò gba ìrẹsì tàbí oko ńlá. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ń fi ohun tí wọ́n rí nínú òkun àti lórí igi àgbọn pààrọ̀ oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń gba ọ̀nà wọn kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọjà wọ̀nyí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ná ọjà ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Dahomey, inú ọ̀sà Maldives ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Àwọn ará erékùṣù a máa kó ìgbín òkun kékeré tí ìkarahun rẹ̀ jẹ́ owó ẹyọ nínú omi tí kò jìn, wọn a rì í mọ́ iyanrìn títí ẹran inú rẹ̀ yóò fi jẹrà, lẹ́yìn náà ni wọn a fọ̀ ọ́ tí wọn a sì dì í lẹ́rù. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò, gbé ní Maldives láàárín 1343 sí 1344, wọ́n sì fi í ṣe adájọ́ níbẹ̀ nígbà ìjọba ọba obìnrin kan tí ń jẹ́ Khadija. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ẹyọ ni wọ́n ń ná, àti pé wọ́n ń fi í ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ará Bẹ̀ngál. Nígbà tí ó rin ìrìn-àjò dé ilẹ̀ ọba Mali ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ó tún bá owó ẹyọ pàdé níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn Pọtogí, àwọn ará Họ́lándì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba òwò yìí mọ́ra, wọ́n ń kó owó ẹyọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òkun lọ sí Yúróòpù, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbé e wá sí Ouidah, èbúté kan ní ilẹ̀ Dahomey, àti etíkun tó yí i ká láti fi ra ẹrú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn a sín ogójì sórí okùn kan, àádọ́ta okùn a di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá a sì di ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti Maldives pàdánù ipò rẹ̀. Nínú gbogbo òwò yìí, ìrẹsì díẹ̀ ló kan ẹni tó kó ìgbín náà nínú omi, ẹni tó ni ọkọ̀ ló kó èrè tó jọjú lọ; ìbéèrè nípa ẹni tí èrè òkun tọ́ sí kò sì tán pẹ̀lú owó ẹyọ.

Maldives gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1965. Ẹja túnà tí wọ́n sè, tí wọ́n sì sá gbẹ, ni wọ́n ń tà jù nígbà náà, Sri Lanka ló sì ń rà á; nígbà tí Sri Lanka dín ọjà náà kù gidigidi ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, owó tí Maldives fi ń ra oúnjẹ wọ́n. Ní àkókò ìnira yìí ni George Corbin, ọmọ Ítálì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣe ètò ìrìn-àjò, bá Ahmed Naseem, òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì aṣojú Maldives ní Colombo ní Sri Lanka, pàdé. Ní oṣù Kejì ọdún 1972, Corbin kó ẹgbẹ́ àwọn ará Ítálì kékeré kan wá. Kò sí ilé ìtura kankan tí wọ́n lè dé sí, nítorí náà ilé àwọn ará Malé, olú-ìlú, ni wọ́n sùn sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni Naseem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Mohamed Umar Maniku àti Hussain Afeef, ṣí Kurumba, ilé ìtura oníyàrá 30, sórí erékùṣù kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà méjì ti là sílẹ̀: ọ̀nà ilé onílé àti ọ̀nà erékùṣù àdádó.

Ọ̀nà kejì ni ìjọba yàn. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni pé erékùṣù kan, ilé ìtura kan: ìjọba yóò fi erékùṣù tí kò ní olùgbé háyà fún oníṣòwò fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníṣòwò náà yóò sì dá gbogbo ohun tí àlejò nílò sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ilé àlejò kéékèèké tó ti yọ sí àwọn erékùṣù tí ènìyàn ń gbé ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tì pa ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ní ìdáàbòbò ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti àṣà ìbílẹ̀ ni ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tún pápákọ̀ òfurufú Hulhulé kọ́ ní 1981 tí ọkọ̀ òfurufú ńlá sì lè ti Yúróòpù fò dé ibẹ̀ tààrà, ilé ìtura pọ̀ sí i, owó wọn sì ń ga sí i. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ ló ń fa ọ̀wọ́n, nítorí pé ilé ìtura kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ iná tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, ibùgbé òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ tí yóò máa kó oúnjẹ wá láti òkè òkun. Àlejò tó bá sì ti dé ibẹ̀ kò ní ibòmíràn tí ó lè jẹun tàbí wọ ọkọ̀, iye tí onílé bá pè ni yóò san. Ní ti àwọn ará erékùṣù, àwọn ọmọ wọn ló ń kúrò nílé fún ọ̀pọ̀ oṣù láti lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Arìnrìn-àjò kì í dé abúlé wọn bí kò ṣe fún wákàtí díẹ̀.

Ìyípadà dé lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2008, tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú jọ du ipò ààrẹ. Ìjọba Mohamed Nasheed, tí ó wọlé nínú ìdìbò náà, tún ṣí ilẹ̀kùn ilé àlejò sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù tí ènìyàn ń gbé, wọ́n sì dá ètò ọkọ̀ ojú omi elérò sílẹ̀ láti so àwọn erékùṣù pọ̀ mọ́ Malé. Ohun méjèèjì yìí ló gbé ara wọn ró, nítorí pé ilé olówó kékeré kò wúlò bí ọ̀nà tó dé ibẹ̀ bá jẹ́ ti ọlọ́rọ̀. Maafushi, erékùṣù tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà kan àti díẹ̀ ní gígùn, tí wọ́n sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà níbẹ̀, ló ṣáájú: láti 2010 ni àwọn ìdílé ibẹ̀ ti ń sọ yàrá ilé wọn di ibùsùn àlejò, tí apẹja sì ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àlejò lọ wo ẹja. Thulusdhoo, Dhigurah àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àlejò tó wá sí Maldives ní 1972 jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan; ní 2013 wọ́n kọjá mílíọ̀nù kan, ní 2024 wọ́n sì kọjá mílíọ̀nù méjì.

Inú ìtàn yìí ni ẹni tó fẹ́ ṣètò ìsinmi oníwọ̀ntunwọ̀nsì ti lè rí ìlànà. Ọ̀nà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rò kí ó tó ro yàrá: ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ń balẹ̀ sórí omi lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, nígbà tí ọkọ̀ elérò láti Malé sí Maafushi, tí ń rìn fún bíi wákàtí kan àti ààbọ̀, kì í tó dọ́là márùn-ún, àmọ́ ọkọ̀ elérò kì í sábà ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí ìrun Jímọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ èyí lè san owó ọkọ̀ ayára-bí-àṣá tí kò gbèrò. Lẹ́yìn náà ni àkókò: láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin ni ojú ọjọ́ máa ń gbẹ, ìgbà náà ni gbogbo nǹkan wọ́n jù, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ni afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn máa ń gbé òjò wá, owó yàrá a sì wálẹ̀. Owó-orí àyíká tí wọ́n ń gbà lórí alẹ́ kọ̀ọ̀kan pàápàá fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀nà méjèèjì, nítorí pé dọ́là mẹ́fà ni wọ́n bù lé àlejò ilé ìtura ńlá ní 2015, dọ́là mẹ́ta sì ni wọ́n bù lé ti ilé àlejò ní 2016, kí wọ́n tó fi kún un ní 2025. Wọ́n ń fún arìnrìn-àjò ní físà ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ mú ìwé àjẹsára ibà pọ́njú dání.

Ẹni tó bá sùn sí ilé onílé sì gbọ́dọ̀ gba òfin ilé. Mùsùlùmí ni àwọn ará Maldives, ọtí kò sí ní àwọn erékùṣù tí wọ́n ń gbé, aṣọ ìwẹ̀ tó ṣí ara sílẹ̀ kò sì tọ́ àfi ní etíkun kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò. Kò yẹ kí a ka èyí sí àbùkù lára ìsinmi olówó kékeré, nítorí pé ìbọ̀wọ̀ fún onílé jẹ́ ara ohun tí àlejò jẹ ẹ́ ní gbèsè, ìlú tí àṣà rẹ̀ ṣì wà láàyè sì ní ohun púpọ̀ láti fi han àlejò ju erékùṣù tí wọ́n kọ́ fún un nìkan.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ilé alájà púpọ̀ ti bo Maafushi, ìdọ̀tí sì ń pọ̀ ju ibi tí wọ́n lè dà á sí lọ, nínú orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé erékùṣù kan tí wọ́n fi ọwọ́ mọ, Thilafushi, ni wọ́n ń kó ìdọ̀tí lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ibi tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà kò ga ju mítà kan lọ sókè òkun, omi òkun sì ń ga sí i. Ìdí nìyí tí Nasheed àti àwọn mínísítà rẹ̀ fi ṣe ìpàdé lábẹ́ omi ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009 láti fi ké sí ayé. Bí olówó ńlá bá sì tún ra ilé àlejò mọ́ àwọn ìdílé lọ́wọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń kó owó ẹyọ yóò tún ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ìsinmi tí apá rẹ̀ ká gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè méjì pọ̀: èló ni yàrá náà, ta ló sì ni ilé? Bí ìdáhùn sí èkejì bá jẹ́ ará erékùṣù náà, owó tí àlejò san yóò ra ìrẹsì sínú ilé tó gbà á, ìdílé náà yóò sì ní ìdí láti tọ́jú òkun tí àlejò wá wò.