Ewé Wo Ló Kù?

Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí ọ̀rọ̀ aláìsàn bá wà nílẹ̀, ìtùnú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fi í ṣe. Ó ju ìtùnú lọ. Ọ̀nà ìwádìí ni. Ohun tó ń sọ ni pé àpapọ̀ ni oògùn, kì í ṣe ewé kan ṣoṣo. Bí àpapọ̀ náà kò bá ṣiṣẹ́, kí oníṣègùn má ṣe dà á nù, kí ó tún un kà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó wá ohun tó fò ó.

Ẹni tó bá lọ sí ìsọ̀ eléwé ọmọ ní Ìbàdàn pé òun fẹ́ ra agbo ibà kì í kàn nawó kó gba ewé. Ìyá náà á kọ́kọ́ da ìbéèrè bò ó. Ọmọdé ni àbí àgbà? Ṣé ó ń bì? Ṣé ó ń yàgbẹ́ gbuuru? Ṣé kò lóyún? Ìdáhùn ló máa pinnu bóyá dòńgóyárò nìkan ni yóò fà yọ, tàbí yóò fi èèpo igi méjì àti ọsàn wẹ́wẹ́ kún un. Lẹ́yìn náà ni yóò wá pàṣẹ: omidùn ni kí wọ́n fi sè é, kì í ṣe omi lásán; kí wọ́n má ṣe jẹ ohun báyìí báyìí lẹ́yìn rẹ̀. Ewé tí a gbo sómi tútù, èyí tí a sè, èyí tí a gún àti èyí tí a jó di ẹ̀tù, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú ìyá yìí, kódà bí ó bá jẹ́ orí igi kan náà ni wọ́n ti já gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà lára àpapọ̀. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n fún lórúkọ Fátúmbí nígbà tó di babaláwo ní Kétu, kó oògùn 447 sínú ìwé rẹ̀, Ewé, tó jáde ní Brazil ní 1995. Ti àìsàn wà níbẹ̀, ti ìbímọ wà níbẹ̀, ti ààbò wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ibi náà kò gbẹ́yìn. Ó so wọ́n mọ́ odù Ifá, ó sì kọ ọfọ̀ wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ọfọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí ìwé, ọfọ̀ tó ń dárúkọ ewé àti iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ gbàgbé èyí tó yẹ kó já.

Nígbà míì, ohun tó kù kì í ṣe ewé rárá. Ní China ní 1971, Tu Youyou ń wá oògùn ibà, ewéko kan tí wọ́n ń pè ní qinghao sì ń dà á láàmú: ó jẹ́ lónìí, kò jẹ́ lọ́la. Ìwé àtijọ́ tí Ge Hong kọ ní ohun tó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn ló là á lójú, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí a rẹ ewé náà sómi, kí a fún un, kí a mu ún. Kò sí sísè níbẹ̀. Ó fura pé iná ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó dín ooru kù, artemisinin sì jáde. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀lé e ní 2015.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Bí ọ́síjìn bá ti dín nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí róbótó á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú iṣan tóóró, ìrora egungun á sì bẹ̀rẹ̀. Ní 1971 kan náà, Sofowora àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kéde pé omi gbòǹgbò orin àtà ń dá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó rí, nínú ìgò ìwádìí. Orin àtà yìí náà ni àwọn baba wa fi ń rin ẹnu láàárọ̀, tó ń ta bí ó ṣe ń pa ahọ́n kú.

Àgbà oògùn nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990, NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, gbé iṣẹ́ dìde lórí agbo tí Ẹni-Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀, fi hàn wọ́n. Nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀: èso ìyeré, igi osùn, ewé ọkà bàbà àti kànáfùrù. (Kànáfùrù kì í ṣe igi ilẹ̀ wa rárá, àwọn erékùṣù Indonéṣíà ló ti wá. Ohun tí à ń pè ní ìbílẹ̀ ti rìn jìnnà ju bí a ṣe rò lọ.) Àṣà ilé ìwádìí ni kí wọ́n tú irú agbo bẹ́ẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n wá èròjà kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sọ ìyókù nù. NIPRD kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan, wọ́n sì rọ ọ́ sínú kápúsù.

Ibí yìí gan-an ni òwe wa ti lè di ewu. Bí oògùn bá jẹ́, oníṣègùn gba ìyìn. Bí kò bá jẹ́, ewé kan ló kù, ẹ tún mú owó wá. Ẹni tó bá gba òwe náà bẹ́ẹ̀ kò ní lè sọ láéláé pé oògùn kan kò dára. Ohun tí NIPRD ṣe sàn jù: wọ́n fún àwọn aláìsàn ní Niprisan fún ìgbà kan àti ayédèrú rẹ̀ fún ìgbà kan, láìjẹ́ kí aláìsàn tàbí dókítà mọ èyí tó jẹ́ èwo. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé ìrora líle dín kù lásìkò Niprisan. Àwọn tó tún èsì náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé kò dín àwọn ìṣòro yòókù tí àrùn náà ń fà kù, àti pé ìwádìí kan ṣoṣo kò tó. Èmi rí iyì nínú ìdáhùn tó ní ààlà yìí ju nínú gbogbo pátákó “agbo gbogbo-nìṣe” ojú títì lọ.

Xechem, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, gba àṣẹ láti ṣe Niprisan lórúkọ Nicosan. Ó bọ́ sọ́jà ní Nàìjíríà ní 2006. Ní 2008 ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè débi pé ó sá di kóòtù, oògùn sì di ọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ti ń gbé ara lé e.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ènìyàn ló kù. Ní ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ ní Aro, Abẹ́òkúta, ènìyàn ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo fi kún oògùn. Láti 1954 ló ti ń fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ó sì kàn án nípá pé kí ìbátan kan bá aláìsàn wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó wà níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Aro yìí ni Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà, ti ṣiṣẹ́, tó sì kọ̀wé ní 1960 nípa gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá fi ń mú wèrè sùn. Reserpine wà nínú gbòǹgbò náà, èròjà kan náà tí Ciba ní Switzerland yọ ní 1952 lára ìbátan igi yìí tó ń hù ní Íńdíà. Òótọ́ ni àwọn oníṣègùn náà ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi tì í kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Reserpine máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó sì lè fà á kọjá ààlà; ó lè mú ọkàn lu díẹ̀díẹ̀, ó lè kó ìbànújẹ́ bá ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó tún ń mu agbo asofẹ́yẹjẹ lálẹ́ ti lo oògùn méjì fún iṣẹ́ kan. Bí dókítà bá bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ ń mu agbo?”, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé rárá o, kí wọ́n má baà bú òun. Nọ́ọ̀sì tó bá rọra sọ fún un pé kò sẹ́ni tí yóò bínú, kí ó sáà gbé ìgò náà àti orúkọ ewé inú rẹ̀ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ni yóò mọ ìdí tí ara bàbá fi ń gbọ̀n, tójú rẹ̀ sì ń ṣú nígbàkígbà tó bá dìde.