Ẹni Tí Kò Gbàgbé Ọ̀ràn Àná

Àwọn baba wa ní ẹni tí kò bá gbàgbé ọ̀ràn àná, kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ẹni tó bá fi etí kan gbọ́ òwe yìí lè rò pé ìgbàgbé nìkan ni wọ́n ń kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ni wọ́n sọ pé ohun tó bá dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni; wọ́n mọ̀ pé ọgbẹ́ ọkàn kì í tètè jiná. Ìdí òwe náà ni kí a wò: eré àjọṣe ni wọ́n fi wọn ìdáríjì.

Bánábà ni ó fa Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ dé iwájú àwọn àpọ́sítélì ní Jerúsálẹ́mù nígbà tí gbogbo ọmọ-ẹ̀yìn ń bẹ̀rù rẹ̀, òun náà ni ó sì wá a lọ sí Tásù. Àwọn méjèèjì jọ rìn, wọ́n jọ jìyà, kí ọ̀ràn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó yà wọ́n: Jòhánù tí à ń pè ní Máàkù, ìbátan Bánábà, tí ó bá wọn dé Pẹ́gà ní Páńfílíà tí ó sì padà sílé. Lúùkù tó kọ ìtàn náà kò sọ ìdí tó fi padà. Nígbà tí Bánábà tún fẹ́ mú un lọ, Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀, asọ̀ sì dé, títí ọ̀kan fi wọkọ̀ lọ sí Kípírù pẹ̀lú Máàkù, tí èkejì mú Sílà gba Síríà lọ. N kò dá Pọ́ọ̀lù lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n sọ lókùúta ní Lísírà, tí wọ́n wọ́ sẹ́yìn ìlú bí òkú, yóò fẹ́ mọ irú ẹni tí yóò bá òun rìn.

Nínú ìjọ tiwa, ìdáríjì kì í sábà kọjá ẹnu. Àlùfáà á pe oníjà méjì, wọn á ní ó ti tán nínú àwọn, wọn á jọ kúnlẹ̀ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, Ọba a-ṣoore-má-ṣìrègún. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé ìkórè bá pé, tí wọ́n dá orúkọ ẹnìkan nínú wọn fún iṣẹ́, èkejì á wúkọ́ díẹ̀, á ní kí wọ́n ṣì fi onítọ̀hún sílẹ̀ ná. Ìkùnsínú ni ikọ́ yẹn. N kò ní kí a gbé àpò owó lé ẹni tó jalè lánàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú asọ̀ wa, èdè-àìyedè lásán ni, ọ̀rọ̀ agbọ́sọ tí a kò bi ẹni tó ni ín láàrin àwa àti òun nìkan, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti pa á láṣẹ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì rèé, àgbà òṣìkà ni.

Pọ́ọ̀lù kò fi ọ̀ràn Máàkù síbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Kólósè, ó ní bí Máàkù bá dé, kí wọ́n gbà á. Nígbà tó sì wà nínú ẹ̀wọ̀n, tí Démà ti fi í sílẹ̀, tí Lúùkù nìkan ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí Tìmótíù pé kí ó bá òun mú aṣọ òtútù àti àwọn ìwé tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróà wá, kí ó sì mú Máàkù dání, nítorí ó wúlò fún òun lẹ́nu iṣẹ́. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti dárí jì í.