Bí a ṣe ń mọ ìgbóná ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ òkè Dassa-Zoumè

Dassa-Zoumè wà ní ẹkùn Collines ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin, nǹkan bí 200 kìlómítà sí àríwá Cotonou. Ìlú àwọn Ìdáàṣà ni, ẹ̀yà Yorùbá kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n sì máa ń kà mọ́ ọn. Òkè olókùúta ni wọ́n, wọ́n dá dúró káàkiri láàárín ọ̀dàn. Kí tẹmómítà tó dé ilẹ̀ yìí, ojú ọjọ́ rẹ̀ ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ń gbà tọpa ìyípadà náà.

Èkíní ni ẹ̀rí aṣojú. Kì í ṣe ìwọ̀n ìgbóná fúnra rẹ̀, ohun tí ìgbóná tàbí òjò fi àmì sí lára ni, tí àmì náà kò sì parẹ́: lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó rì sínú ẹrẹ̀ adágún, òrùka inú igi, karawun àwọn ẹ̀dá kékeré inú òkun. Èkejì ni àwòṣe ojú ọjọ́, ìyẹn ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó pín ayé sí ìpín-ìpín, tó sì ń fi òfin físíìsì ṣírò bí afẹ́fẹ́, omi òkun, ọ̀rinrin àti ìtànṣán oòrùn ṣe ń ti ìpín kan bọ́ sí òmíràn. Ní 1967, Syukuro Manabe àti Richard Wetherald lo ìṣirò tó rọrùn ju èyí lọ, wọ́n sì rí i pé bí afẹ́fẹ́ kábónì bá di ìlọ́po méjì, ìgbóná ayé yóò fi ohun tó lé díẹ̀ ní 2°C pọ̀ sí i. Manabe gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Ẹ̀rí tó ṣe kókó jù fún ilẹ̀ Dassa wá láti adágún Sélé ní gúúsù Benin. Ulrich Salzmann àti Philipp Hoelzmann wa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n ka lẹ́búlẹ́bú òdòdó inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Láti nǹkan bí 8,400 ọdún sẹ́yìn títí di 4,500 ọdún sẹ́yìn, igbó kìjikìji ló wà níbi tí ọ̀dàn wà lónìí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gbẹlẹ̀ dé lójijì, tí igbó náà sì já sí méjì. Ibi tó já yẹn ni wọ́n ń pè ní Àlàfo Dahomey: ọ̀dàn tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn Ghana, tó gba Togo àti Benin kọjá, tó sì ya igbó Liberia àti Côte d'Ivoire nípa kúrò lára igbó Nigeria àti Cameroon. Igbó padà díẹ̀ ní nǹkan bí 3,300 ọdún sẹ́yìn, ó sì tún fà sẹ́yìn ní nǹkan bí 1,100 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó bá gbà pé iná oko àti àáké nìkan ló sọ ilẹ̀ yìí di ọ̀dàn, kó tún èrò rẹ̀ pa. Ojú ọjọ́ ló kọ́kọ́ ṣí àlàfo náà.

Adágún Bosumtwi ní Ghana náà ń jẹ́rìí. Inú kòtò tí òkúta láti ojú òfurufú gbẹ́ ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn ló wà. Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2009 pé láàárín 3,000 ọdún tó kọjá, ọ̀dá ọlọ́dún gbọọrọ ti wáyé níbẹ̀ léraléra, àti pé èyí tó wà láàárín nǹkan bí 1400 sí 1750 le ju ọ̀dá Sahel ti àwọn ọdún 1970 lọ.

Òjò ni gbogbo èyí ń ròyìn. Ìgbóná ló ṣòro láti mọ̀, nítorí ní ilẹ̀ wa, òjò ló ń pinnu igi tí yóò hù ju ìgbóná lọ. Inú òkun ni a ti rí ìrànlọ́wọ́. Àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ máa ń yí ọ̀rá ara wọn padà bí ilẹ̀ bá ṣe gbóná tó. Odò Congo sì ti ń gbá irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ lọ sínú òkun láti ayébáyé. Johan Weijers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ọ̀rá náà, wọ́n sì kéde ní 2007 pé ìgbóná ilẹ̀ àárín Áfíríkà gùn láti nǹkan bí 21°C sí 25°C bí ìgbà yìnyín ńlá, nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀ púpọ̀ ní ayé, ṣe ń kógbá sílé. Ní ọdún kan náà, Syee Weldeab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ 155,000 ọdún jáde láti inú òkun ẹ̀bá Cameroon. Magnésíọ̀mù inú karawun sọ bí omi ṣe gbóná tó, báríọ̀mù inú karawun kan náà sì sọ bí omi odò tó ń ya wọ inú òkun ṣe pọ̀ tó. Ní tèmi, kò sí ẹ̀rí tó ṣeyebíye tó èyí fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló mú ìròyìn ìgbóná àti ti òjò wá pọ̀.

Síbẹ̀, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni: ó yẹ ká gbọ́ ti ẹ̀rí, ká sì gbọ́ ti àwòṣe. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ CLIMAP ka karawun inú òkun, wọ́n ní ní ìgbà yìnyín ńlá, omi òkun ilẹ̀ olóoru fẹ́rẹ̀ẹ́ má tutù ju ti òní lọ. David Rind àti Dorothy Peteet fi ìwọ̀n náà sínú àwòṣe ní 1985. Àwòṣe kò lè mú yìnyín sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn òkè gíga ilẹ̀ olóoru dé ibi tí àmì fi hàn pé ó dé. Àwòṣe fi hàn pé ẹ̀rí kan kò pé, ẹ̀rí tuntun sì dá a láre. Nígbà tí Jessica Tierney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da ẹ̀rí pọ̀ mọ́ àwòṣe ní 2020, ohun tí wọ́n rí ni pé ní ìgbà yìnyín ńlá náà, ayé lápapọ̀ fi nǹkan bí 6°C tutù ju ti ìgbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ kò tíì gbòde lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ Sàhárà, àwòṣe ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. John Kutzbach fi ìṣirò hàn ní 1981 pé ní 9,000 ọdún sẹ́yìn, ayé sún mọ́ oòrùn jù ní ìgbà ooru ìdajì àríwá ayé, kì í ṣe ní oṣù kìíní bíi ti òní. Ilẹ̀ wa gbóná sí i lásìkò yẹn, afẹ́fẹ́ olójò láti orí òkun sì wọlé jìnnà. Ìdí nìyẹn tí koríko àti adágún fi wà ní Sàhárà, tí igbó sì fi wà ní Sélé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòṣe wéra lórí 6,000 ọdún sẹ́yìn, nínú iṣẹ́ àjọṣe tí wọ́n ń pè ní PMIP, òjò wọn kò dé àríwá tó bí ẹ̀rí ṣe wí. Ewéko tó ń mú ilẹ̀ dúdú sí i, tó sì ń dá ọ̀rinrin padà sójú òfurufú, àti eruku aṣálẹ̀ tó dín kù, wà lára ohun tí ìṣirò wọn kò kà kún tó.

Ìpín kan nínú irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó 100 kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo òkè Dassa lè bọ́ sínú ẹyọ kan, kó sì di ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Nítorí náà, ẹ̀rí àdúgbò kò ṣe é fi ṣeré. Jochen Schöngart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka òrùka inú igi apá àti àwọn igi ọ̀dàn mìíràn ní agbègbè òkè odò Ouémé ní Benin, wọ́n sì gbé ìtàn òjò jáde ní 2006, èyí tó padà sẹ́yìn dé 1840, tó fi hàn pé òjò ti ń dín kù. Àkọsílẹ̀ àwọn ibùdó ojú ọjọ́, bí èyí tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, aládùúgbò Dassa, ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbára lé: láìsí ìwé tí wọ́n kọ iye òjò ọdọọdún sí, kò sẹ́ni tó lè sọ iye òjò tí òrùka fífẹ̀ kan dúró fún.