Eegun Rírọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Àbùlẹ̀ Ìlù Etí Ọmọdé

Ní ọdún 1640, Marcus Banzer, ọmọ Jámánì, fi àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ dí ihò ara ìlù etí. Ní 1853, Toynbee ní Lọ́ńdọ̀nù lo rọ́bà. Ìdíhò lásán ni ìwọ̀nyí. Berthold ni ó lẹ awọ ara mọ́ ọn ní 1878.

Ṣùgbọ́n etí ọmọdé kì í sábà jẹ́ kí àbùlẹ̀ pẹ́. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ẹ̀yìn imú dé inú etí kúrú, ó sì tẹ́ ju ti àgbàlagbà lọ. Ọ̀fìnkìn a dí i, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a sì fà wọnú tàbí kí ó tún lu. Níbí ni eegun rírọ̀ ti wúlò, èyí tí Jansen àti Salen ròyìn ní 1963. Ara etí aláìsàn fúnra rẹ̀ ni a ti ń gé e; ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó o, kì í sì í tètè fà wọnú.

Àwọn alátakò ní ó nípọn jù, pé ọmọ lè má gbọ́ ohùn olùkọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan fi ń fá a di nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Èyí tí ó ṣòro láti dáhùn ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í là á kọjá: bí àrùn bá fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ojú dókítà kò lè tètè tó o.