Àmì Ohùn àti Irinṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá: Láti Orí Ẹ̀rọ Táìpù dé Orí Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Olùkọ́ tí ó bá mú ẹfun ìkọ̀wé dání níwájú pátákó lè kọ igba, igbá, ìgbà, ìgbá àti igbà sórí ìlà kan ṣoṣo, kí ó sì fi àmì ohùn ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ́tọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí ìwé rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan náà bá jókòó ti ẹ̀rọ láti tẹ ìbéèrè ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wàhálà yìí ti ń tẹ̀ lé olùkọ́ èdè Yorùbá láti orí ẹ̀rọ kan bọ́ sí orí òmíràn. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìlọsíwájú ni gbogbo ẹ̀rọ tuntun máa ń mú wọ kíláàsì. Ìtàn àmì ohùn kò fara mọ́ èrò yìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ̀rọ tuntun kọ́kọ́ ń ṣe ni pé ó ń gba ohun tí ẹfun ti lè ṣe tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́, ọ̀pọ̀ ọdún a sì kọjá kí wọ́n tó dá a padà fún un.

Ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ táìpù àti kálàmù

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, tí gírámà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1852, ilé ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ náà gbà kọjá. Ilé ìtẹ̀wé lè rọ lẹ́tà tuntun bí owó bá wà. Àwọn tí ó pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí àkọtọ́ lè pinnu lẹ́tà tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì retí pé ẹni tí ń to lẹ́tà yóò wá a rí.

Ẹ̀rọ táìpù ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe púpọ̀ jù lọ nínú èyí tí ó dé Nàìjíríà fún. Kò sí ẹ lórí rẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ. Àmì ohùn kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ ní òfìfo, wọ́n á yọ ìwé náà kúrò lórí ẹ̀rọ, wọ́n á wá mú kálàmù láti fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ stencil ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fi da ìbéèrè ìdánwò kọ fún kíláàsì odidi, ṣóńṣó irin ni wọ́n fi ń ha àmì náà sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ọwọ́ bá sì wúwo díẹ̀, bébà ya. Kò yani lẹ́nu pé àmì ohùn ni ó kọ́kọ́ ń di ohun tí wọ́n ń fojú fò dá. Àmì abẹ́ lẹ́tà tún ń rí ìtọ́jú díẹ̀, nítorí pé ojú tètè ń rí i bí kò bá sí.

Láàárín àsìkò yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ń tún àkọtọ́ ṣe. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1966. Ní 1974 ni àjọ tí ó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ jákèjádò Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ilé-ìwé ń lò. Aiye di ayé, nwọn di wọ́n, Shagamu di Ṣágámù nínú ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pátákó ojú títì kò gbọ́ ìròyìn náà títí di òní. Àkọtọ́ yìí mú kí àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ jẹ́ apá kan ìkọsílẹ̀ èdè tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ. Ó bọ́ sí àkókò tí irinṣẹ́ tí ó wà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé kò lè kọ ohun tí òfin àkọtọ́ béèrè. Àlàfo tí ó wà láàárín òfin àti irinṣẹ́ yìí ni gbòǹgbò ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Kì í ṣe pé wọn kò pèsè ohunkóhun fún olùkọ́. Iṣẹ́ àkànṣe Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Babátúndé Fáfúnwá, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pèsè ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú ìpín kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìpín kejì ní 1990, fún olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé gírámà àti lítíréṣọ̀ láìyá Gẹ̀ẹ́sì lò. Àwọn iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ tán ni wọ́n. Èyí tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yóò fi kọ àlàyé ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ṣì jẹ́ kálàmù.

Ìjọba kò gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà pátápátá. Ní àwọn ọdún 1980, National Language Centre gbé àkójọ lẹ́tà 33 kalẹ̀ tí wọ́n rò pé yóò tó kọ gbogbo èdè Nàìjíríà, Hermann Zapf, ọmọ Jámánì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú iṣẹ́ ọnà lẹ́tà, sì ya fọ́ǹtì kan fún un ní 1983. Ìrètí pọ̀ lórí rẹ̀. Kò di ohun tí ó wà lórí tábìlì tíṣà.

Kọ̀ǹpútà dé pẹ̀lú àbùkù tirẹ̀

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ìlànà ASCII tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1963 ní àyè 128 péré, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì ń gba tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ àyè náà dé 256, ìlànà ISO 8859-1 ti 1987 ro ti àwọn èdè Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Níbẹ̀ ni ohun àjèjì kan ti ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá. Nítorí pé Faransé àti Potogí ń lo à, á, è àti é, àmì ohùn tí ẹ̀rọ táìpù kò ní rárá wá wà lọ́fẹ̀ẹ́; ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Olùkọ́ lè tẹ ìgbà àti igbá, kò sì lè tẹ ọjà. Ẹ̀rọ táìpù ti sọ ọ̀rọ̀ di òfìfo pátápátá. Kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di ààbọ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn ta ní àwọn ọdún 1990 ni láti pààrọ̀ àwòrán inú fọ́ǹtì. Wọ́n mú àwọn àmì tí Yorùbá kò nílò kúrò, wọ́n ya ẹ, ọ, ṣ àti àwọn tí ó ní àmì ohùn sí àyè wọn. Lójú ẹni tí ó ni fọ́ǹtì náà, iṣẹ́ dára. Bí ó bá fi fáìlì ránṣẹ́ sí ilé-ìwé mìíràn tí kò ní in, àmì owó àti àmì ìbéèrè ni wọn yóò rí níbi tí ó ti kọ ẹ̀kọ́. Àwọn mìíràn kàn fi ìlà kọ̀ǹpútà sí abẹ́ e àti o. Èyí náà dára lójú títí wọ́n yóò fi da ọ̀rọ̀ náà kọ sí ibòmíràn, ìlà a sì pòórá. Ìwé àti ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n fi irú ọgbọ́n wọ̀nyí tẹ̀ pọ̀ nínú àwọn dísíìkì àtijọ́, fọ́ǹtì tí a lè fi kà wọ́n sì ti sọnù. Àdánù ńlá ni èyí.

Unicode, tí ìtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní 1991, ni ó gbìyànjú láti fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìtẹ̀jáde 1.1 ti 1993 gba ẹ, ọ àti ṣ wọlé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé Yorùbá ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Èdè Vietnam, tí ń fi àmì abẹ́ lẹ́tà sàmì ohùn, ni ẹ àti ọ bá wọlé. Ìkọsílẹ̀ Sanskrit ní lẹ́tà Róòmù ni ṣ bá wọlé. Ǹ tí ó wọlé ní 1999 sì bá ìkọsílẹ̀ Pinyin ti èdè Ṣáínà wá. Àjẹkù tábìlì ẹlòmíràn ni Yorùbá fi yó. Ibi tí àwọn aládùúgbò wọ̀nyí kò sì ti nílò ohun tí Yorùbá nílò, àlàfo ṣẹ́kù: ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo títí di òní. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n jẹ́, ọ̀kan fún ẹ, èkejì fún àmì orí rẹ̀. Láti 2001 ni Unicode ti fìdí ètò ìpapọ̀ lẹ́tà múlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ má bàa yí padà, nítorí náà kò sí ìrètí nọ́ńbà tuntun fún wọn.

Fún onímọ̀ ẹ̀rọ, èyí kò jọ ìṣòro. Fún olùkọ́, ìṣòro ni. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé orí lẹ́tà, àmì a fò sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì abẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra lójú, ẹ̀rọ tí kò gbọ́n tó a sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì nígbà tí wọ́n bá ń wá a nínú àkójọ.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Àkójọ lẹ́tà àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990, fi ɛ àti ɔ rọ́pò ẹ àti ọ, ó sì fi sh rọ́pò ṣ. Unicode gba ɛ àti ɔ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi ohùn sí wọn, nọ́ńbà méjì náà ni. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé kò sí ohun tí ó lè já bọ́ lábẹ́ lẹ́tà. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ Kétu tẹ̀ kò ṣe é wá pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún olùkọ́ Ìṣẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni.

Pátákó ìtẹ̀wé àti ẹni tí yóò ni ín

Lẹ́tà wà nínú kọ̀ǹpútà. Báwo ni ìka yóò ṣe dé ibẹ̀? Orí ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí lẹ́yìn ọdún 2000. Àjọ Alt-i tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe dá ohùn Yorùbá mọ̀. Ilé-iṣẹ́ Lancor ṣe pátákó Konyin fún àwọn èdè Nàìjíríà. Ní 2007, ọdún tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré ti One Laptop per Child wá dán wò ní ilé-ìwé kan ní Galadima, Àbújá, Lancor pe ètò náà lẹ́jọ́, ó ní wọ́n ṣe àdàkọ ètò pátákó òun. Àwọn olùjẹ́jọ́ náà ní àwọn kò ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ náà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ní ti pé ó jẹ́ kí ó hàn pé ibi tí wọn yóò fi ọ sí lórí pátákó ti di ohun ìní tí ènìyàn ń torí rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù, nígbà tí ọ̀pọ̀ kíláàsì kò tíì rí kọ̀ǹpútà sójú.

Èyí tí ó ràn olùkọ́ lọ́wọ́ jù lọ ni àwọn tí wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́, bí èyí tí àwọn ará YorubaName, tí Kọ́lá Túbọ̀sún jẹ́ aṣáájú wọn, pèsè, àti pátákó Yorùbá tí ó wà nínú Gboard lórí fóònù. Fóònù ni kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ tíṣà. Nígbà tí ilé-ìwé tì ní 2020 nítorí kòrónà, orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé pátákó Yorùbá wà yóò tẹ e mọ́lẹ̀ lórí pátákó Gẹ̀ẹ́sì, yóò rí è àti é, kò ní rí ẹ. Àbùkù ọdún 1987 ni ó tún hù yọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì gẹ́gẹ́ bí ohun èlò

Àkójọ ọ̀rọ̀ tí Yíwọlá Awóyalé ṣe, tí Linguistic Data Consortium ní Yunifásítì Pennsylvania gbé jáde ní 2008, lé ní ọ̀rọ̀ 450,000, pẹ̀lú ti àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kúbà àti Trinidad. Olùwádìí ni àgbékalẹ̀ rẹ̀ bá mu, kì í ṣe tíṣà. Ní 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ó ń túmọ̀. Ní 2018, Ìrorò Orífẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ tí yóò máa dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ òfìfo, kí ẹni tí ó tẹ igba lè rí ìgbà tàbí igbá gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn bá ṣe fẹ́. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílò àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ pé, èyí sì ni ó ṣọ̀wọ́n. Jésùjọba Alabí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2020 pé ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n fara balẹ̀ ṣà, tí àmì rẹ̀ mọ́, wúlò fún ẹ̀rọ ju òkìtì tí wọ́n kó láti orí ayélujára lọ.

Àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ jù lọ nínú fífi àmì sí ọ̀rọ̀ ni olùkọ́ Yorùbá, nítorí pé máàkì ìdánwò wà lórí rẹ̀. Inú ìwé àjákọ ni iṣẹ́ wọn wà, kò sí lórí ẹ̀rọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, èyí tí ó jọ ohun tí wọ́n dán wò ní Ifẹ̀ ní 1970. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, olùkọ́ tí wọ́n ní kí ó fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò rí ìwé orí ẹ̀rọ tí ó pọ̀ tó láti fi ṣe é. Èyí tí ó bá ti tẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀, àwọn kan ní àmì, àwọn kan kò ní.