Ta Ló Ta Ilẹ̀ Odò?

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Òjò bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn, ó sì rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́wàá. Odò Ògùnpa, tí ọmọ iléèwé lè ká ṣòkòtò sókè kó sì là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó kún, ó bo afárá, ó wọ ìyẹ̀wù onílé. Ó gbé mọ́tò bí ẹni gbé igbá. Ó wó ògiri, ó gbé èèyàn lọ. Àwọn tó kú lé ní 200. Ọgbà ẹranko Agodi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, omi náà gbá a lọ tẹrantẹran. Omíyalé Ògùnpa ni gbogbo ayé ń pè é, àwọn àgbà Ìbàdàn sì ń fi í ka ọjọ́ orí ọmọ títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ohun tó fà á. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló bínú, àwọn kan ní òòṣà odò ni. N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé, kí ni ilé ń wá níbẹ̀? Odò náà ò kúrò níbi tí Ẹlẹ́dàá fi í sí. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé ṣe dé ojú ọ̀nà àgbàrá, tó fowó rà á, tó tún gba rìsíìtì? Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò.

Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí ọdún 1829, orí òkè ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Jagunjagun ò fẹ́ràn kòtò. Ẹni tó wà lókè ló ń rí ọ̀tá lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ ka orúkọ àdúgbò Ìbàdàn, ẹ ó rí i bí òkè ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀: Òkè Màpó, Òkè Àrẹ, Òkè Àdó. Ìsàlẹ̀ náà ní tirẹ̀: Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, Odò Ọ̀nà. Orúkọ ti sọ̀rọ̀ fún ẹni tó létí. Ilẹ̀ tó wà létí odò, àkùrọ̀ ni. Wọn kì í kọ́lé síbẹ̀. Ẹ̀fọ́, ilá àti ewédú ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oko òkè bá ti gbẹ. Bí òjò bá dé, wọn a gbé ọkọ́ wọn kúrò, omi a sì wá gba ibi tí í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó bá ń lọ, a fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn náà ni ajílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀. Èèyàn àti odò jọ ń lo ilẹ̀ kan náà, kálukú pẹ̀lú àsìkò tirẹ̀.

Rélùwéè ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó kọ́ sítọ́ọ̀ sí Gbági, ọjà Dùgbẹ̀ gbilẹ̀. Ìlú àtijọ́ wà ní Màpó, òwò tuntun wà ní Dùgbẹ̀. Ta ló wà láàárín? Ògùnpa ni. Ilẹ̀ tí ewédú ń hù lórí rẹ̀ lánàá di ilẹ̀ àárín ìgboro. Èèyàn sì ń ya wọ̀lú. Nígbà tí ìjọba kànìyàn ní 1952, Ìbàdàn ní nǹkan bí 459,000 èèyàn. Ní 1963 wọ́n ti lé ní 627,000. Gbogbo wọn ló ń wá ibi tí orí í gbé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òmùgọ̀ ni àwọn tó ra ilẹ̀ etí odò. N ò gbà. Ẹ mú télọ̀ kan, tàbí oníṣòwò aṣọ kan, tí owó rẹ̀ ò ká Bódìjà. Ilé tó fẹ́ kọ́ kì í ṣe ibi ìsùn nìkan. Iwájú rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yàrá tí ayálégbé yóò máa sanwó sí, owó yẹn ni yóò rán ọmọ níléèwé. Bó bá lọ ra ilẹ̀ ní ibi tó jìnnà, ta ni yóò rin ìrìn náà wá ran ṣòkòtò lọ́dọ̀ rẹ̀? Ó ṣírò rẹ̀ pé omi ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ọmọ ń jẹun lójoojúmọ́.

Àwọn tó ń tà náà gbọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù láti mú oníbàárà lọ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ á gbẹ táútáú. Oníbàárà á wo odò lọ́ọ̀ọ́kán, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi kì í dé ibí?" Mọ́gàjí á rẹ́rìn-ín. "Omi kẹ̀? Ọmọ mi, níbí la ti ń ṣeré ní kékeré. Tó bá tiẹ̀ dé, kò ní ju kókósẹ̀ lọ." Ṣẹ́ ẹ rí i, bàbá ò parọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán. Nígbà kékeré tirẹ̀, omi ní àyè tó lè tẹ́ ara rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti ta apá ọ̀tún, tó ti ta apá òsì, ibo lomi ó gbà? Wọ́n á mu ọtí sí i, ẹlẹ́rìí á tẹ̀ka, ó bùṣe.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun gbé òfin lílo ilẹ̀ jáde, pé ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Èèyàn á rò pé títà parí nìyẹn. Rárá o. Wọ́n kàn ń kọ déètì àtẹ̀yìnwá sórí ìwé àdéhùn ni, kó lè dà bíi pé wọ́n ti ta ilẹ̀ kí òfin tó dé. Rìsíìtì ọdún 1976, yíǹkì ẹ̀ ò tíì gbẹ! Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè tan kóòtù. Odò ò mọ̀wé kà ní tirẹ̀.

Kì í sì í ṣe 1980 ni odò kọ́kọ́ jáde. Ó ti ya wọlé ní 1951, ní 1955, ní 1960, ní 1963, àti ní 1978 tí òfin ilẹ̀ dé yẹn náà. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sunkún, wọ́n gbá ẹrẹ̀ jáde, wọ́n tún padà wọlé. Ẹni tó lówó á ra yẹ̀pẹ̀ típà mélòó kan, á fi kún ilẹ̀ rẹ̀ títí tó fi ga ju ti aládùúgbò lọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Omi tí o lé kúrò lágbàlá rẹ ò pòórá, àgbàlá ẹlòmíì ló lọ. Ẹlòmíì náà á kún tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, odò á fún bíi gọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ilé ń pọ̀ sí i lórí òkè, páànù bo ibi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, òjò tó bọ́ ò ráyè wọnú ilẹ̀ mọ́, ìsàlẹ̀ ló ń sáré lọ. Ẹ wá fi pàǹtí kún un. Ọ̀pọ̀ ilé ló sọ odò di ààtàn. Nígbà tí òjò 1980 dé, pàǹtí dí abẹ́ afárá, omi sì gbabòmíràn, ó gba inú ilé.

Ẹ̀bi ta wá ni? Mọ́gàjí ló tà, télọ̀ ló rà. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kan wà tó fọwọ́ sí pláànù, tàbí tó gbójú fo ilé tí kò ní pláànù. Lójú tèmi, ẹ̀bi tiwọn ló tóbi jù, nítorí àwọn ló ní máàpù. Wólé-wólé tó rí tanwíjí nínú ìkòkò omi èèyàn, báwo ni kò ṣe rí odindi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì létí odò?

Bọ́lá Ìgè ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà tí omi náà dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò bẹ̀rẹ̀ láti fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà fún Ògùnpa. Iṣẹ́ náà fa ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba kan á gbé e, òmíràn á jù ú sílẹ̀. Kí ó tó parí, ilẹ̀ àárín ìgboro ti wọ́n, àwọn tó ń wá ilẹ̀ ti gba ìta ìlú lọ, wọ́n ti dé etí odò Ọ̀nà, wọ́n ti dé Àpẹ́tẹ́. Ìyẹn ni pé wọ́n sá fún odò kan, wọ́n lọ ra etí òmíràn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nínú àwẹ̀, òjò wákàtí díẹ̀ ló tún ṣe é. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní mìlímítà 180. Adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé láti 1942, kún àkúnya. Afárá Àpẹ́tẹ́ lọ. Omi wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó kó ẹja inú adágún wọn lọ. Àwọn tó kú lé ní 100. Ọjọ́ kan náà gan-an ni bọ́ǹbù bú ní ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Àbújá, ibẹ̀ ni ojú gbogbo ayé kọ sí; òkú Ìbàdàn ò rí ojú ìwé tó tọ́ sí wọn. Ní 2014, nígbà Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá ìlú náà ní mílíọ̀nù 200 dọ́là láti tún afárá àti ojú odò ṣe. Owó yíyá ni o, sísan ni.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ lọ wò ó, lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ má bi ẹni tó ń tà á. Ẹ bi ayálégbé tó wà nítòsí, tàbí ìyá ẹlẹ́kọ. Àwọn ò ní ìpín nínú owó ilẹ̀. Ẹ wo ara ògiri aládùúgbò bóyá ilà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ sì wo bó ṣe ga tó. Ẹ wo ohun tó ń hù. Níbi tí eèsún àti kókò bá ti rúwé nígbà tí gbogbo koríko yòókù ti gbẹ, omi ò jìnnà níbẹ̀.

Pátákó ilẹ̀ títà pọ̀ lẹ́yìn ìlú nínú oṣù kìíní. Wọ́n á ti ri èèkàn sàféyọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á ti ta okùn yí plóòtì ká, àádọ́ta fóòtì lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Láàárín èèkàn sí èèkàn, ewédú ẹnì kan ṣì ń hù. Inú kòtò tó gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ oko náà ló ti ń bu omi rin ín, kòtò ọ̀hún ò sì jìn dé orúnkún.